Ìgboro tí Kò Lénìyàn

Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ lẹ́yìn òkè Olóṣùnta, odó a bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ìkéré. Ti ilé díákónì tó wà níwájú wa ló máa ń kọ́kọ́ dún, ti ẹ̀yìnkùlé àwọn oníbúrẹ́dì a sì gbè é, nígbà tí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá fi máa wọlé, gbogbo àdúgbò a ti máa mì tìtì. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa nígbà náà, mo fi etí mọ odó ilé kọ̀ọ̀kan, mo mọ èyí tí obìnrin méjì jọ ń gún àti èyí tí ọwọ́ ń ro ẹni tó ń gún un. Tiwa nìkan ni kì í dún. Odó wa wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, adìyẹ Màámá sì ti sọ ìdí rẹ̀ di àga. Ọmọ odó fara ti ògiri, aláǹtakùn ta okùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkìtì, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé tí kò bá gún iyán nírọ̀lẹ́, aládùúgbò á yọjú wá béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀bà la jẹ jù, nítorí apá Màámá kò gbé ọmọ odó mọ́, apá tèmi kò sì tíì gbé e. Bí mo bá gbọ́ odó lónìí, ní ibikíbi tí mo bá wà, ebi kọ́ ló kọ́kọ́ ń pa mí. Àárò ló máa ń sọ mí.

Àwa mẹ́ta ló kù nínú ilé: Màámá tó bí bàbá mi, bàbá mi fúnra rẹ̀ tí mò ń pè ní Dádì, àti èmi Fúnmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kà á tó ń sọ pé ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́, tó ń pe bàbá rẹ̀ ní "ó", kó má bínú. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, "ẹ̀yin" ò pọ̀ lẹ́nu ará Ìkéré àtijọ́, iléèwé ló kọ́ wa. Dádì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní iṣẹ́ àwòrán. Èèyàn tó dákẹ́ ni. Ó lè ti ibi iṣẹ́ dé, kó jẹun, kó fọ abọ́ rẹ̀, kó wọ yàrá lọ, kó má sọ ju "ẹ kúulé" àti "ẹ ṣé" lọ. Màámá máa ń wò ó lẹ́yìn, á ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Dádì á tún dákẹ́ sí ìyẹn náà.

Yàrá tó kángun síta ló ti ń ya àwòrán. Bó bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, òórùn ọ̀dà àti kẹrosín á gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀, Màámá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Àwòrán tó ń yà nígbà náà kì í ṣe àwòrán ohunkóhun. Á da ọ̀dà búlúù lé ọ̀dà pupa lórí, á fa ilà dúdú kan gba àárín wọn kọjá, ó parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pè é, wọ́n á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á mi orí. Àwa ará ilé kì í dijú, a kàn ń wò ó ni. Ó fún ìjọ wa ní ọ̀kan nígbà ìkórè, ó pè é ní Ìràpadà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí yàrá ìpàdé àwọn alàgbà. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, Dádì dúró, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé ló sọ fún mi pé ńṣe ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò nígbà tí wọ́n gbé e kọ́. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn. Ó ní, "Bó bá hàn sí wọn, wọn ì bá ti béèrè." Títí tí mo fi kúrò ní Ìkéré, Ìràpadà ò rí ẹni rà á padà.

Ìyá mi nìkan ni kì í fi àwòrán Dádì ṣe yẹ̀yẹ́, àfi lọ́jọ́ tó ya èyí tó pè ní Ìyàwó Mi. Ìyá mi ga, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ Ilé-Olújì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. Lọ́jọ́ náà Dádì pè é wọ yàrá, ó sì fi àwòrán hàn án. Búlúù ló pọ̀ níbẹ̀, àti àwọ̀ iyanrìn díẹ̀, àti ohun kan tó rí róbótó ní igun. Ìyá mi yí i po, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, níbo ni mo wà níbẹ̀?" Dádì ní, "Gbogbo rẹ̀ ni ìwọ." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeun, ó lọ sí ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e. Ó ń fi etí ìró nu ojú, ó ní àlùbọ́sà ni, mo sì wo orí tábìlì, kò sí àlùbọ́sà kankan níbẹ̀. Ó wá sọ fún ìkòkò tó wà lórí iná pé, "Bí mo bá kú lónìí, kí lọmọ yìí máa fi rántí ojú mi? Búlúù?" Fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà lára ògiri pálọ̀ o, ṣùgbọ́n onífọ́tò ló ya ìyẹn, wọ́n sì sanwó fún un. Mo ti lọ́kọ kí n tó mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú kí èèyàn ní fọ́tò àti kí ọkọ ẹni wo ojú ẹni kó yà á.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Wọ́n jó ní Ìkéré lọ́jọ́ náà, Màámá alára jó, ó ní òun ò kú kí òun tó rí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé ilé wa wà lára ohun tí wọ́n máa gé. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé ìyá mi lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀, tó ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n pín òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ Èkìtì kọrí sí Adó, bọ́ọ̀sì yẹn kò rí èrò kó mọ́, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n wá ní kí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ ọkọ Èkìtì mú èyí tó bá wù wọ́n, Adó tàbí Àkúrẹ́. Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ Dádì nídìí oúnjẹ alẹ́, mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ ẹran mi láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, èwo ni kí n yàn?" Dádì bu òkèlè, ó gbé e mì, ó ní, "Èyí tó bá wù ẹ́." Ìyá mi dúró dè é bóyá ó tún kù tó máa sọ. Ó tún bu òkèlè mìíràn. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà wá, mo sì gbà pé bàbá mi rò pé ọ̀wọ̀ lòun bù fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin tó béèrè irú ìbéèrè yẹn kò wá ọ̀wọ̀, "máa bọ̀ nílé" ló ń wá. Ó yan Àkúrẹ́. Ó gba yàrá kan síbẹ̀, ó ní òun á máa wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ó wá lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Á kó ẹ̀fọ́ dání, á fọ aṣọ mi, á gún iyán lọ́jọ́ Sátidé, odó wa náà á bá tàwọn yòókù fọhùn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tó tún yá, ó ń ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lọ́dún yẹn ni kí ìyá mi padà wálé, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń pọnmi, mo máa ń jókòó ti Màámá tó bá ń ṣa ẹ̀gúsí. Bí mo bá bá Màámá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń di ìtàn Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n bí i sí. Bí mo bá bá Dádì sọ̀rọ̀, á gbọ́ ọ, á mi orí, á fi ọwọ́ pa orí mi, ọwọ́ rẹ̀ á fi ọ̀dà sí mi nírun. Ilé náà tóbi, ó ní yàrá tó pọ̀, mo sì máa ń gbọ́ ìró bàtà ara mi nínú ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Dádì kó gbogbo àwòrán àtijọ́ rẹ̀, ó kọ ojú wọn sí ògiri. Ó ra kámẹ́rà àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan ní Adó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìgboro. Bó bá fọ fọ́tò tán, á fi pẹ́ńsùlù àti rúlà la ilà sórí rẹ̀ títí tó fi máa pín sí àpótí wẹ́wẹ́, á la irú ilà náà sórí aṣọ tó fẹ́ yàwòrán sí, àmọ́ àwọn àpótí tibẹ̀ á tóbi. Á wá máa kó ohun tó wà nínú àpótí kékeré sínú àpótí ńlá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wà lórí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán tó jáde, ẹ̀rù bà wá. Oríta tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ló kọ́kọ́ yà: páànù tó dógùn-ún, òpó iná tó wọ́, omi ọṣẹ tí ẹnì kan dà sí gọ́tà. Ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn aládùúgbò wọlé wá wò ó, inú wọn dùn, ẹnikẹ́ni ò dijú mọ́. Ọkùnrin vọ́kánísà tó wà ní oríta náà fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Táyà mi rèé. Kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi rèé, kí ìjọba náà wá wò ó." Ó tún wò ó títí, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, èmi ńkọ́? Kí ló dé tí ùlú ṣófo báyìí?" Dádì ní, "Gbogbo wọn lọ sóko." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ọjọ́ ọjà ló wà nínú àwòrán yẹn.

Bó ṣe ya gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ya ojú títì Adó pẹ̀lú àwọn ọ́fíìsì tuntun tí wọ́n kun ní kánmọ́kánmọ́, ó ya ibùdókọ̀, ó ya ilé epo. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, kò sí awakọ̀. Agboòrùn ṣí sílẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á, gbogbo wa nílé la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Dádì wà ní kékeré, ó fi èédú ya ojú bàbá rẹ̀ sára ògiri, ó sì jọ ọ́. Màámá dé láti odò, ó rí i, ó ju ìkòkò omi sílẹ̀, ó gba èédú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi omi fọ ògiri, ó ní kó má ya ojú alààyè mọ́ láéláé. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó kàn sọ pé ní Ọ̀wọ̀ tí òun ti wá, wọn kì í ṣe ojú èèyàn bó ṣe rí gẹ́lẹ́ àfi bí onítọ̀hún bá ti kú. Ọmọ tó gbọ́ràn ni bàbá mi. Mo ti ń rò ó pé bóyá ibẹ̀ ni gbogbo búlúù yẹn ti wá: ọkùnrin tó mọ ojú í yà, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ yà á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Dádì ní kí n wẹ̀ kí n wọṣọ, a ń lọ sí Àkúrẹ́. Gáùn mi tó dára jù ni mo wọ̀. Nínú ọkọ̀, mo to ohun tí mo máa sọ fún ìyá mi, eyín mi tó yọ, adìyẹ tó pamọ. Nígbà tí a dé àdúgbò rẹ̀, Dádì kò lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dúró sí òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó tì, ó yọ kámẹ́rà. Yàrá ìyá mi kọjú sí títì, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ike omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dádì gbé kámẹ́rà sójú, ó ń dúró kí àwọn tó ń kọjá tán. Ilẹ̀kùn náà ṣí. Ìyá mi jáde, ó mú Bíbélì àti ìwé orin dání, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà tó fi ń jáde, ó tilẹ̀kùn. Mo la ẹnu láti pè é. Dádì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Jẹ́ kó lọ, Fúnmi. Bó bá rí wa, n kò mọ ohun tí mo máa sọ." Ìyá mi dá takisí dúró, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Nígbà tí títì wá dá tán, bàbá mi gbé kámẹ́rà sókè, ó ya ilẹ̀kùn.

Mo sunkún láti Àkúrẹ́ dé Ìkéré. Dádì ra búrẹ́dì fún mi, mo jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu mi. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé ó kọ ojú sí fèrèsé ọkọ̀, kò sì yí i padà títí a fi dé. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, ó bí mi gan-an. Ó lè ya ike omi, ó lè ya àgádágodo, kò lè la títì kan kọjá.

Ilẹ̀kùn yẹn gbà á lọ́jọ́ púpọ̀ ju gbogbo àwòrán tó ti yà lọ. Nígbà tó parí, ó gbé e dúró sílẹ̀, ó fi ti ògiri, kó lè gbẹ. Títì Àkúrẹ́ wọnú yàrá wa: ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ti ń bó nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi tó rọra ń yọ lára ike, sálúbàtà ìyá mi níwájú, ọ̀kan dojú kọ wá, èkejì yí díẹ̀ bó ṣe bọ́ ọ. Màámá kì í wọ yàrá náà nítorí òórùn, ṣùgbọ́n adìyẹ rẹ̀ kan sá wọbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá a wọlé. Dádì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, èmi ń ká bébà ilẹ̀. Màámá dúró síwájú àwòrán náà. Kò sín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa.

Ó pe Dádì lórúkọ, ó ní, "Jídé, èmi mo ra bàtà yìí fún un. L'ọ́jà Ìkéré yìí." Ọ̀rọ̀ Màámá, ti Ọ̀wọ̀ àti ti Ìkéré ti lú pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ibi tí èèyàn ti lè yà wọ́n.

Dádì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ulẹ̀kùn ulé aya rẹ rèé?"

"Òun ni."

"Ùwọ ya bàtà, ùwọ ya ulẹ̀kùn. Aya rẹ ńkọ́?"

Dádì gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Màámá, ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ yà á. Ẹ ní ẹni tó bá ti kú la máa ń ṣe ojú rẹ̀."

Màámá jókòó sórí àpótí tí Dádì máa ń jókòó lé. Ó ní kí n wá jókòó nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kan rí. Ó ní nígbà tí òun kéré, kò tíì tó mi, ni ìyá tó bí òun kú ní Ọ̀wọ̀. Ìdílé wọn rí já jẹ, wọ́n sì ṣe àkó fún un. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ àkó, wọ́n á gbẹ́ ojú òkú sí i, wọ́n á wọ aṣọ tirẹ̀ gan-an fún un, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, gèlè rẹ̀, wọ́n á gbé e kiri ìlú kí gbogbo ayé lè rí i kí wọ́n tó lọ sin ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọdé. Màámá ní, "Wọ́n ti sọ fún mi pé ó lọ àjò. Ùgbà tí mo jáde sí ìta, mo rí i. Ojú rẹ̀ ni. Umú rẹ̀ ni. Aṣọ tó fi pọ̀n mí ló ró. Mo sáré bá a. Mo pè é, mo ní, Yèyé. Ó ń wò mí. Mo tún pè é. Kò dá mi lóhùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní láti ọjọ́ náà, ojú tó bá ń woni tí kò lè dáni lóhùn, òun ò fẹ́ rí i mọ́. Nígbà tí òun wá rí ojú ọkọ òun lára ògiri, ẹni tó wà lóko láàyè, òun ju ìkòkò omi sílẹ̀.

Adìyẹ ń ta eruku kiri lábẹ́ tábìlì. Màámá tún yíjú sí ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé náà. Ó ní, "Àmọ́ ti yèyé mi sàn. Òun, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ùwọ, ẹni tó wà láàyè ni ùwọ kó kúrò níbẹ̀. Ùlú tí kò l'ẹ́nìyàn, kí la ń pè é? Utẹ́ òkú ni. Lọ ya aya rẹ." Dádì ní òun kò lè ti inú fọ́tò ya ojú, pé onítọ̀hún ní láti jókòó síwájú òun. Màámá ní, "Ǹjẹ́ kò wá yẹ k'ó o lọ pè é?"

Ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá mi ló sọ èyí tó kù fún mi, nígbà tí èmi náà ti dàgbà. Ó ní òun ṣílẹ̀kùn, òun bá a lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dà wà ní etí rẹ̀. Bàbá mi ní, "Màámá ní kí n wá ya ojú rẹ." Ìyá mi ní, "Ṣé Màámá ló rán yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ?" Bàbá mi dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́, ìyá mi sì ti ń wò ó pé bí èyí náà bá tún gbé, òun á ti ilẹ̀kùn. Dádì wá ní, "Èmi ni." Ìyá mi mú báàgì rẹ̀.

Àtọjọ́ Ẹtì yẹn, kò tún ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Á jókòó sórí àga nínú yàrá ọ̀dà, Dádì á sì máa wò ó. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí kò lè wo ojú aya rẹ̀ nídìí oúnjẹ, iṣẹ́ wá sọ ọ́ di dandan fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ò parọ́. Níbẹ̀rẹ̀, "gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀" nìkan ni mò ń gbọ́ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wọn kò gún régé, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Ẹkún wà níbẹ̀ nígbà kan. Lọ́jọ́ tó ń ya ẹnu rẹ̀, ìyá mi ní kí ó dúró ná, ó ní, "Bàbá Fúnmi, mo tún fẹ́ béèrè. Èwo ni kí n yàn?" Dádì kò gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò. Ó ní, "Yan Adó. Kó o máa ti ilé lọ. Ilé ò dùn." Mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo lé adìyẹ kúrò lórí odó, mo yí ojú rẹ̀ sókè, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe.

Tíránsífà náà pẹ́, ẹ mọ ìjọba. Àmọ́ ìyá mi ti wà nílé ní ọ̀sẹ̀ tí àwòrán parí. Orí àwòrán ilẹ̀kùn yẹn náà ni Dádì yà á sí, ó ti pa sálúbàtà méjèèjì rẹ́ nílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé wà ní ṣíṣí, ìyá mi dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo òdìkejì títì bí ẹni tó ti rí ẹni tó mọ̀. Màámá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wá wò ó. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, odó ti ń dún káàkiri, tiwa náà ń dún ní ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró síwájú àwòrán náà, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó le. Mo rò pé ó máa yin Dádì. Ó kàn wo ojú yẹn títí, ó fa èémí, ó wá pè é, kò pariwo, bí ẹni pe ẹni tó wà nítòsí ló ṣe pè é.

Ó ní, "Ìyá Fúnmi."

Àwòrán náà ń wò wá. Ọwọ́ Màámá le mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí, "Ìyá Fúnmi."

Odó tiwa dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ohùn ìyá mi wá láti ibẹ̀, ó ní, "Mà? Iyán ni mò ń gún mà, mò ń bọ̀."

Màámá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá, kó gún iyán rẹ̀, òun kàn ń pè é ni.

Ó ti pẹ́ o. Màámá pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, Dádì sì yà á léraléra, ó yà á débi pé Màámá ń ṣàròyé pé ìjókòó ń mú ẹ̀yìn ro òun. Ìgboro ló ṣì ń yà, ṣùgbọ́n èèyàn kún wọn fọ́fọ́, àwọn ará Adó àti Ìkéré máa ń wá ara wọn níbẹ̀, vọ́kánísà sì rí ara rẹ̀ lórí kòtò rẹ̀. Dádì náà ti lọ. Ìyá mi ló kú kẹ́yìn. Àwòrán ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé wà ní pálọ̀ mi ní Adó báyìí, èmi nìkan ni mo wà nílé, àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn. Àlejò tó bá ṣèèṣì wọlé nírọ̀lẹ́ máa ń kí i, á ní ẹ kúulé mà, kó tó rí i pé àwòrán ni. Mo máa ń nu eruku ojú rẹ̀ ní Sátidé, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa oúnjẹ tó wọ́n àti nípa àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n n kò pè é rí.